Ọjọ́ Tí Ẹlẹ́yinjú Kú Tó Tún Sọ̀ Nínú Rélùwéè

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Mò ń nu agolo. Ó tán.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ń fi sinimá àtijọ́ han èèyàn nílé sinimá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Bàbá Alágolo ni mò ń pè wọ́n nínú ìwé yìí, mi ò jẹ́ dán an wò lójú wọn. Inú agolo pẹlẹbẹ ni fíìmù ń gbé, èmi ni mò ń nù ún. Ẹ̀rọ gan-an ni mo fẹ́ kọ́. Màámi ní tí Bàbá ò bá gbà mí lọ́mọ iṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí, ilé aránṣọ ni mò ń lọ. Wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀. Aránṣọ yẹn kì í rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ ló máa ń wà lẹ́nu ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, bóyá òun ló fà á.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Mo bẹ Bàbá. Wọ́n ní orí mi ò pé síbì kan. Mo ní ó wà lọ́rùn mi. Wọ́n ní, "Ọrùn nìkan ló wà níbẹ̀. Orí ti jáde lọ."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mo gbọ́dọ̀ kọ nípa Ẹlẹ́yinjú kí àyà mi má baà bẹ́.

Òun ni obìnrin inú àwọn sinimá dúdú-òun-funfun tí a ní. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí ẹyinjú ẹ̀. Mẹ́fà ni sinimá ẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wa, mo sì ti wò wọ́n tán, àwòtúnwò, láti ojú ihò kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ ń gbà jáde. Lónìí ó kan ibi tó ti ń yọ yẹtí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ o. Ọkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ purọ́ fún un. Ó jókòó síwájú dígí, ó yọ yẹtí kan. Ó di èkejì mú — kò yọ ọ́. Kò sọ̀rọ̀. Kò sunkún. Ojú lásán. Mo kà á: ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀.  Ta ló kọ́ obìnrin yìí?

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Ọ̀rẹ́ mi Ẹlẹ́nu (kò lè kà á, kò fẹ́ràn ìwé) gbé fóònù wá, a wo sinimá tuntun lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mẹta, àwòrán ti yí nígbà mẹ́rìnlá. Obìnrin inú ẹ̀ fẹ́ sunkún, kí omijé tó bọ́, wọ́n ti gbé wa lọ wo mọ́tò. Mo ní ta ló ń lé wọn? Ẹlẹ́nu ní, "Arúgbó inú ọmọge." Ó ní Ẹlẹ́yinjú mi yẹn ń jẹ́ kí oorun kun òun. Ó ní, "Kí ọkọ purọ́ fún mi, kí n wá máa yọ yẹtí? Eyín ẹ̀ ni màá yọ."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi já bọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó lọ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ wá ń dùn mí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Obìnrin inú sinimá tuntun ń wakọ̀, ó ń gbá ọkùnrin létí, ó sì wà láàyè títí iná fi tàn. Nínú mẹ́fà tí a ní, márùn-ún ni wọ́n ti pa Ẹlẹ́yinjú. Ikọ́, ikọ́, odò, ikọ́, ìbànújẹ́. Nínú ìkẹfà, ó fọ́jú. Kí ló ṣe fún wọn?

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lónìí. Kò nídìí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ó Ń BỌ̀.

Ó wà láyé! Èmi ti rò pé ó ti kú tipẹ́, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń pa á tó. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀ obìnrin ló kó wá, òpópónà kejì sí wa. Ọmọ náà kọ̀wé sí Bàbá pé màmá òun fẹ́ wo ara wọn lẹ́ẹ̀kan sí i lójú aṣọ funfun. Àbámẹ́ta, aago mẹ́ta ọ̀sán. Bàbá ka lẹ́tà náà tán, wọ́n fá irùngbọ̀n. Nígbà tó yá, wọ́n tún un fá.

Mi ò lè jẹun. Mi ò lè jókòó. Mo fi ẹnu ko agolo kan lẹ́nu. Ìpẹtà nìkan ni mo tọ́ wò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mo fọ agolo sinimá tí a fẹ́ fi hàn án. Agolo mẹ́fà ni wọ́n pín sinimá kan yẹn sí, ara ọmọrí ni Bàbá kọ nọ́ńbà sí. Mo ṣí gbogbo ọmọrí, mo fọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sójú fèrèsé, wọ́n ń kọ mànà. Mo jókòó síwájú ọ̀kan bíi dígí, mo yọ yẹtí. Mi ò ní yẹtí. Mo yọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo dé gbogbo wọn padà. Bàbá wò wọ́n, wọ́n ní, "Hẹn." Ẹni tó bá mọ Bàbá mọ̀ pé oríkì nìyẹn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

 Kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Ó dé. Ó kéré jù mí lọ. Ọ̀pá lọ́wọ́ kan, ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Gbogbo ara ti gbó — ojú náà ò gbó. Mo kúnlẹ̀, mo gbàgbé láti dìde, ọmọ ẹ̀ ló fà mí dìde.

Èmi àti Bàbá sáré gòkè lọ sídìí ẹ̀rọ. Agolo kìíní, èkejì, ẹ̀kẹta, geerege. Bàbá fi ẹ̀kẹrin sẹ́rọ — Ẹlẹ́yinjú ti wà lórí ibùsùn, ó ń kọ́. Mo ní ṣé ó ti yá báyìí ni? Ó kú. Ọkọ ẹ̀ bú sẹ́kún. Bàbá di òkúta. Agolo karùn-ún ló yẹ kó kú sí. Wọn ò lè dá ẹ̀rọ dúró níwájú àlejò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ohun tó kù náà la ó fi sí i." Wọ́n fi sí i. Ni Ẹlẹ́yinjú bá sọ̀ nínú rélùwéè. Fìlà lórí, àpótí lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu.

 Ohùn obìnrin kan wá láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn: "Ó jí o." Wọ́n pàtẹ́wọ́! Wọ́n dìde! Nígbà tó kan agolo kẹfà, tí ọkọ ẹ̀ dá jókòó nídìí tábìlì, wọ́n ní ó tọ́ sí i, ìyàwó ti já a sílẹ̀, ó ti bá tirẹ̀ lọ.

Mo ti mọ̀ nígbà yẹn ohun tí mo ṣì dé. Ọmọrí. Èmi àti yẹtí tí mi ò ní. Bàbá sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ tọrọ àforíjì. Kí ọkàn mi tó sọ nǹkan kan, ọwọ́ mi ti pààrọ̀ ọmọrí kẹrin àti ìkarùn-ún padà. Ó ti bọ́ sípò. Kò sí ẹni tó rí mi.

Mo lọ bá wọn nísàlẹ̀. Ẹlẹ́yinjú di Bàbá lọ́wọ́ mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun bẹ ọ̀gá tó ya sinimá yẹn lọ́jọ́sí pé kó má pa obìnrin náà. Ọ̀gá ní tí kò bá kú, èrò ò ní sunkún. "Ẹ wá wò ó. Wọ́n pàtẹ́wọ́."

Mi ò lè kó ẹnu mi níjàánu mọ́. Mo bi í nípa yẹtí, mo ní kí lẹ ń rò fún odidi ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀. Ó wò mí. Ó ní, "Ó há ni, ọmọ mi. Mo ń rò ó pé ta ló máa bá mi yọ ọ́." Ó ní fíìmù ò ṣe é fi ṣòfò nígbà náà bíi tìsinsìnyí tí wọ́n lè ya nǹkan kan lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Èyí tí o bá ṣe lẹ́ẹ̀kan, òun náà nìyẹn, ìwọ àti òun ló kù.

Ó há! Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Bàbá jókòó ti fèrèsé pẹ̀lú ọmọrí kẹrin. Wọ́n sún un mọ́jú, wọ́n sún un sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Márùn-ún ni mo mú, mo sì kà á sí mẹ́rin. Ojú mi ti lọ." Mo gbé agolo kan, mo ń nù ún.

Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Bàbá wá sílé. Wọ́n sọ fún Màámi pé àwọn gbà mí, pé ojú mi làwọn á máa lò láti ìsinsìnyí. Màámi jó yí tábìlì ká. Èmi náà jó. Mo wá lọ tilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mọ́ra mi, mo jókòó sórí korobá.

Bàbá ti fi ìwé ìròyìn wọn ta Màámi lọ́rẹ. Wọ́n ní kí làwọn fẹ́ fi ṣe báyìí tójú ti lọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ohun tí mo ń wá ti dọ́wọ́ mi. Kí ló dé tí oúnjẹ ò lọ?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo jẹ́wọ́. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ ni, mi ò tiẹ̀ tíì kí Bàbá. Ọmọrí, ọṣẹ, bí mo ṣe pààrọ̀ ẹ̀ padà, gbogbo ẹ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan.

 Bàbá kọjú sí ògiri ọ̀ọ́kán níbi tí wọ́n lẹ ìwé àṣẹ ilé sinimá mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Wọ́n ka èyí ńlá. Wọ́n ka èyí wínníwínní tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n ka orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín mú wọn, wọ́n di ìdí ẹ̀rọ mú kí wọ́n má baà ṣubú. Ẹ̀rín náà wá dá wáí. "Ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko lo fi sọ mí di afọ́jú."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Màámi. Mo ti ń tọ́ abẹ́rẹ́ wò lẹ́nu.

Màámi gbọ́ gbogbo ẹ̀, wọ́n fọwọ́ lérí. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọ̀la ni màá mú un lọ bá aránṣọ."

Bàbá ní, "Aránṣọ kẹ̀? Ẹni tó ní kí òkú sọ̀ nínú rélùwéè? Apá ẹ̀wù ló máa rán mọ́ ibi ọrùn. Fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, níbi tí mo ti lè máa rí i. Mo ríran dáadáa."