Kọ̀ǹpútà Tó Sùn Tí Kò Gbàgbé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara ẹ le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó mú ẹ dé ìlú ńlá kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ le mọ́ ẹ. Ara tèmi le, ojú ló ń tì mí.

Ìyá ẹ ti kó lọ sílé ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó di ọjọ́ márùn-ún lónìí. Èmi ni mo fà á. Jẹ́ kí n rò ó kó o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀, torí ẹnu ẹ̀ mú ju tèmi lọ.

O mọ̀ pé ìwé kejì ni mo ti sá kúrò nílé ìwé, síbẹ̀ ta ló tún ní ẹ̀rọ tó ń sàba lórí ọ̀ọ́dúnrún ẹyin lẹ́ẹ̀kan náà ládùúgbò yìí? Èmi nìkan! O wá so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn pé kó máa ṣọ́ ooru ẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò iná kan ṣoṣo ló wà lẹ́bàá àga mi, ọ̀sán sì ń mú. Lójoojúmọ́ tí mo bá jẹun tán, màá pa kọ̀ǹpútà náà wẹ́rẹ́ bó o ṣe kọ́ mi, màá ki wáyà fáànù síbẹ̀, màá sùn. Tí mo bá jí, màá tàn án padà. Mo ní ó yẹ kóun náà sinmi, ṣé irin ni?

Ọjọ́ kọkànlélógún pé, kò sí ẹyin kan tó pa. Ọ̀bu ni gbogbo ẹ̀. Àwọn tó wá gba òròmọdìyẹ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo bá pariwo lé ìyá ẹ lórí lójú wọn pé òun tó yẹ kó máa yí ẹyin lójoojúmọ́ kò yí i bó ṣe yẹ. Ó ní òun yí i. Mo ní irọ́ ni. Ó ní ká bi kọ̀ǹpútà, ó sì ránṣẹ́ pe alátùn-únṣe kọ̀ǹpútà.

Mo wá rántí pé nígbà tó o kọ́kọ́ gbé e wá, o ráhùn pé tá a bá ti pa á, gbogbo ohun tó kọ sílẹ̀ nípa ara ẹ̀ ló ń gbàgbé. Torí náà, kí alátùn-únṣe tó dé, mo pa á, mo tàn án, lẹ́ẹ̀mẹta, kó lè gbàgbé dáadáa. Mo wá jókòó, mo káwọ́ gbera.

Àṣé o ti la àpò kan sínú ẹ̀ tí àkọsílẹ̀ ẹ̀ ń wọ̀, tí kì í parẹ́ mọ́ bá a bá pa á. Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀, mi ò rí àpò kankan o. Alátùn-únṣe yẹn sì lóhùn! Ó kà á sókè: aago méjì, wọ́n pa á, aago mẹ́rin, ó jí, bẹ́ẹ̀ fún ogún ọjọ́, ó ní bó bá ti sùn, ooru ẹyin náà kú nìyẹn. Ó tún ka tàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oníbàárà kan ní ṣé kì í ṣe ìgbà tí Baba máa ń sùn nìyẹn. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Wọ́n ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé. Kọ̀ǹpútà ẹ ló kó tèmi.

Ìyá ẹ ò bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó di ẹrù ẹ̀, ó ní tóun bá máa padà, kí n dúró síbi tí mo ti pariwo, lójú àwọn èèyàn kan náà, kí n fẹnu ara mi ka gbogbo ẹ̀. Alátùn-únṣe ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún mi. Àtìjẹta ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á, mo ti dé ọjọ́ keje. Ọ̀la ni mo pe àwọn èèyàn náà sí.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi la ihò iná míì fún fáànù. Má sì pa ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn rẹ́, kó máa rán mi létí tí mo bá tún fẹ́ pariwo. Ọlọ́run á bò ẹ́ láṣìírí, ọmọ mi, ju bó o ṣe bo tèmi lọ.

Èmi ni,
Bàbá ẹ.