Rẹfirí Tó Dọ̀bálẹ̀ Kó Tó Fa Káàdì Pupa Yọ: Ìgbésí Ayé Olóògbé Olúdọ̀tun Ṣóbọ̀wálé

Ìlárá Rẹ́mọ ni wọ́n bí bàbá wa sí lọ́dún 1936, sí ìdílé Pa Ilésanmí Ṣóbọ̀wálé, àgbẹ̀ olóbì, àti Ìyá Ọmọ́yẹni. Igbe tí wọ́n fi wáyé, ìlú Irolu tó wà nítòsí gbọ́ ọ. Sítáńdáàdì Síìsì ni wọ́n kà dé. Oko obì ni kò jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́dún 1962, wọ́n fẹ́ ìyá wa, Láídé, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Ní 1968, wọ́n di rẹfirí. Bí bàbá wa bá fọn fèrè ní Ṣàgámù, ewúrẹ́ Ìlárá á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á máa retí ìdájọ́.

Ní 1979, àwọn ni rẹfirí àṣekágbá láàrin Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́. Bọ̀dá Lásúnkànmí, ẹ̀gbọ́n ìyá wa, ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún Ìkẹ́nnẹ́. Bọ̀dá ta ọmọ Ṣàgámù kan nípàá, bàtà ọmọ náà fò dé ọjà obì. Káàdì pupa ni! Ṣùgbọ́n ta ní í nàka sí àna ẹ̀ láìkọ́kọ́ kí i? Bàbá wa dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.” Wọ́n dìde, wọ́n na káàdì sókè. “Ó yá, ẹ jáde.”

“Àna mi, o kúkú kí mi dáadáa,” ni Bọ̀dá wí. “Ta ni mo fẹ́ bá jà?” Wọ́n sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Kí ló wá burú níbẹ̀? Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹfirí, oníkùn bí àgbá epo, ní rẹfirí kì í dọ̀bálẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n gba báàjì bàbá wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń dọ̀bálẹ̀ fún alága ẹgbẹ́ yín nítorí ẹran díńdín! Ní gbogbo Sátidé, bàbá wa á kun bàtà, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa retí kí ẹ ránṣẹ́. Ẹ ò ránṣẹ́ títí ikú fi dé ní oṣù kẹta, 1988.

Bàbá wa ṣe alábòójútó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ Ìlárá ní bọ́ọ̀lù lófẹ̀ẹ́. Wọ́n fi ìyá wa sílẹ̀ lọ, àti Adérónkẹ́, Ọláwọlé, Bánkẹ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ tí ariwo wọn ń ṣí òrùlé.

Lánàá ni ẹgbẹ́ rẹfirí gbé báàjì dé, pé kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ pósí, kí àwọn sì gbé òkú. Ẹ gbé báàjì yín, ẹ máa lọ! Ọwọ́ yín ò ní kan pósí yìí. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí bàbá wa lé jáde rí ni yóò gbé wọn, Bọ̀dá Lásúnkànmí ni yóò di ìhà orí mú.

Ẹ sùn ire, Bàbá wa. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ bá alága ẹgbẹ́ kankan pàdé lọ́hùn-ún.