Àwọn Aládùúgbò Tó Ń Rẹ́rìn-ín Lẹ́yìn Ògiri

Kifayah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa lo jí nínú Èkó yẹn? Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ níbi tí ire wà. Ara wa le ní Lálúpọn, àgbàdo ti gbó, ewúrẹ́ ìyá àgbà ti bímọ. Ó tó. Mo ti kí ọ tán, wàyí o, jẹ́ kí n bínú.

Ìwé ni mo kọ, nítorí bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, wàá ní o wà ní mítìn. Èmi tí mo jẹ́ olórí ẹgbẹ́ onígàrí mọ̀ pé kò sí mítìn tí kì í tán. Lateef tó ń so díṣì mọ́ òrùlé ló ń bọ̀ l'Ékòó, òun ni yóò gbé e fún ọ, kó o kà á níwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ díkódà tí o ní kí Lateef wá so mọ́ tẹlifíṣọ̀n wa ni. O mọ̀ pé láti ìgbà tí àìsàn ti mú bàbá rẹ lápá kan lẹ́yìn Iléyá, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu wọn mọ́. Dókítà ní ká máa bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáá. Èmi kì í fi nǹkan falẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé-ẹ̀kọ́ òwò tí ìjọba kó àwa olórí ẹgbẹ́ lọ ní Mọ́níyà, mo pín iṣẹ́ fún èèyàn: àwọn àbúrò wọn láàárọ̀, lèmọ́ọ̀mù lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, èmi lálẹ́. A sọ̀rọ̀ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Bàbá rẹ kàn ń wò wá bí ẹni tí wọ́n ń polówó ọjà tí kò fẹ́ rà fún.

Kí ni mo wá rí nínú díkódà yìí? Bàbá Ahun! Eré tí a máa ń lọ wò nílé Baálẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ ń fẹ́ mi sọ́nà, tí wọ́n ń fi bátìrì mọ́tò tan tẹlifíṣọ̀n. Bí Àdùkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bá bu ẹran kejì, ahun yìí á pariwo pé, "Ẹran méjì nínú abọ́ kan? Ta ló ń gbéyàwó?" Àdùkẹ́ á ní, "Ẹyọ kan kì í bá ara rẹ̀ ṣeré." Ahun á ní, "Kó yáa kọ́ ọ!"

Kifayah, ọkùnrin yìí ò tíì yí padà! Irun orí rẹ̀ ò tiẹ̀ funfun. Mo rò ó títí, mo rí i pé àìnáwó ni kò jẹ́ kó gbó. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ó dọ̀bálẹ̀ fún Àdùkẹ́, ó ní òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, mo ní àlùhámúdùlílàhì. Kò pẹ́ ló tún hùwà náà gan-an, aṣọ kan náà lọ́rùn rẹ̀, ó tún dọ̀bálẹ̀ lójú ibi kan náà. Ta ni yóò gba irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Èyí tó ká mi lára jù ni àwọn aládùúgbò wọn. Nínú agbo ilé tiwa, bí tọkọtaya bá ń jà, kí wọ́n tó sọ gbólóhùn kejì, ìyá àgbà ti so ìró mọ́dìí, wọ́n ti wọlé wá là wọ́n. Àwọn wọ̀nyí ò yọjú o! Ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n jókòó sí, èrò rẹpẹtẹ, mo ń gbọ́ ohùn wọn kedere. Bí Àdùkẹ́ ṣe ń sunkún ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo gbé e lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Ọ̀ṣunwùnmí akápò wa ní, "Ìyá Kifayah, eré mà ni." Mo ní bó bá jẹ́ eré, kí ló dé tí ìwọ ń fi gàrí sílẹ̀ kó jóná nínú agbada, tí ò ń sáré wá wo ohun tí o ti mọ ìparí ẹ̀? Ó ní ayé ló ń já òun láyà, Bàbá Ahun ò já òun láyà rí.

Wàyí, gbọ́ ibi tí inú ti bí mi jù. Lọ́jọ́ Àlàmísì, Àdùkẹ́ bu ẹran kejì. Kí ahun tó la ẹnu, ohùn kan ti orí àga jáde: "Ẹran méjì nínú abọ́ kan? Ta ló ń gbéyàwó?" Bàbá rẹ ni! Ketekete! Wọ́n sì bá àwọn aláìnítìjú ẹ̀yìn ògiri yẹn rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí wọn lẹ́nu láti Iléyá, tí mò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn sọ pé "ó tó", ọ̀rọ̀ ahun ni wọ́n kọ́kọ́ rí sọ! Mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo sunkún, mo tún wọlé nítorí ọbẹ̀ wà lórí iná.

Láti ìgbà náà, bí ahun bá sọ̀rọ̀, bàbá rẹ á sọ̀rọ̀. Àfi bí ojú tẹlifíṣọ̀n ṣe dúdú lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ìwé wẹ́wẹ́ jáde. Lateef kà á, ó ní owó ló tán. Mo ní ta ni kò mọ̀ pé ahun yẹn ò ní san owó ilé? Onílé ti lé wọn jáde nìyẹn. Lateef ní èmi ni wọ́n ń bèèrè owó lọ́wọ́ mi. Èmi? Ṣé èmi ni mo ṣe onídùúró fún un ni?

Bàbá rẹ tún dákẹ́. Ojú dúdú yẹn ni wọ́n ń wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣé kí n máa wá dúró de owó láti Èkó? Mo wé gèlè bíi ti Àdùkẹ́, mo dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo bu ẹran kejì sínú abọ́. Wọ́n wò mí. Mo sọ ti Àdùkẹ́: "Ẹyọ kan kì í bá ara rẹ̀ ṣeré." Mò ń retí "Kó yáa kọ́ ọ." Ẹnu wọn gbọ̀n, gbọ̀n, wọ́n ní, "Mùsílí, jókòó."

Kifayah, ẹnikẹ́ni ò pè mí ní Mùsílí mọ́ láti ìgbà tí mo ti bí ọ. Kò sì sí Mùsílí kankan nínú eré náà. Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n mo jókòó, a jọ jẹ ẹran méjèèjì.

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́ kíá, kí wọ́n dá ahun padà sílé rẹ̀, èmi ò lè máa ṣe Àdùkẹ́ kí n tún máa yan gàrí. Fi owó ẹran sí i, ẹran ń lọ púpọ̀ nílé yìí báyìí. Gàrí tó wà lọ́wọ́ Lateef, ìdajì ni tìrẹ, ìdajì ni ti Àdùkẹ́, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni kó o fi í lé, má fún ọkọ rẹ̀. Bí o bá débẹ̀, bá mi bú àwọn ẹ̀yìn ògiri yẹn. Lẹ́yìn náà kó o bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa ní sùúrù díẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ kì í tètè jáde.

Ọlọ́hun yóò fún ọ ní ọkọ tí ẹ ó jọ jẹ ẹran méjì títí ẹ ó fi darúgbó. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Mùsílímátù