Kí Wọ́n Tó Gbọ́wọ́ Lé Ìdòwú Lórí

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú oko, ẹ kú ìtọ́jú kòkó, ẹ kú ojú lọ́nà àwa ọmọ yín. Mo kí Ìyá wa. Mo kí Táíwò, èkejì mi, àti ọkọ rẹ̀ ní Òkè Fìà. Kẹ́hìndé yín ni. Mo wà láàyè, mo sì ń jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń pè ní iyán níbí, ìyẹ̀fun inú páálí tí a fi omi gbígbóná rò ni. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó bá jẹ ẹ́ kò gbọdọ̀ sọ nílé.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo gbé lẹ́tà yìí sí. Ìdòwú nìkan kọ́ ni wọn yóò gbọ́wọ́ lé lórí lóṣù tó ń bọ̀ láti di àlùfáà. Ọmọ àwọn ẹlòmíràn náà wà níbẹ̀, bàbá wọn sì ń sọ ohun tí ẹ̀yin ń sọ fún Ìdòwú fún àwọn náà.

Ìdòwú àbúrò mi pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ẹ pe òun sábẹ́ igi obì, ẹ ní àlùfáà kì í sunkún, pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹrù àwọn ènìyàn kò gbọdọ̀ sọ tirẹ̀ síta. Ọ̀rọ̀ náà wú u lórí. Inú tèmi bà jẹ́, Bàbá, nítorí ohun tí ẹ sọ fún èmi náà nìyẹn, òun ló sì lé mi dé ìlú òtútù yìí.

Gbogbo yín rò pé owó ni mo wá wá. Mo jẹ́ kí ẹ rò bẹ́ẹ̀, torí ìyẹn kò ní ìtìjú nínú.

Oṣù kẹrin tí wọ́n fi mí ṣe àlùfáà, tí wọ́n sì rán mi sí ìjọ kékeré lẹ́bàá Ìtagunmódì, kòtò tí wọ́n ti ń wa góòlù wó lu ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ìjọ wa, ó sì kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí ni. Ẹ mọ ìṣe wa: a kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ìyá, a máa ń yọ́ ọ sọ ni. Àwọn àgbà ìjọ ní kí àlùfáà lọ. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa ní Gíríìkì, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń pín ìwàásù sọ́nà mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ṣe ń dúró níwájú ìyá tó ń sá kòkó. Ẹnu mi wúwo. Mo ní ọmọ rẹ̀ fara pa díẹ̀, pé wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù ní Iléṣà. Mo rò pé àwọn àgbà yóò wá sọ ìyókù. Àwọn àgbà rò pé mo ti sọ ọ́ tán.

Obìnrin náà po ògì sínú fúláàsì, ó kó aṣọ ọmọ rẹ̀ méjì sí báàgì, ó gun ọ̀kadà lọ sí Iléṣà. Ó wá a láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, títí nọ́ọ̀sì kan fi ní kó jókòó, tó sì sọ fún un pé wọn kò gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá. Nígbà tó padà dé, wọ́n ti sin ín. Kò sunkún lójú mi. Ó gbé fúláàsì náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun gbé e fún un, torí èmi ni mo mọ ọsibítù tó wà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo wàásù, ohùn mi kò gbọ̀n. Wọ́n ní akọni ni mí, ẹ̀yin náà gbọ́, ẹ sì yìn mí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kúnlẹ̀ àdúrà, òórùn ògì ni mò ń gbọ́. Nígbà tí físà jáde, mo sá.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Òtútù wọn máa ń wọ eegun, àwọn ọjọ́ kan sì wà tó jẹ́ pé èmi àti dígí nìkan la jọ ń sọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí arúgbó kan bá kú, ọ̀gá wa, obìnrin tí kì í tilẹ̀ ṣe onígbàgbọ́, á kó wa jọ sídìí tíì, á ní kí kálukú sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ kàn mí, mo ní kò sí nǹkan kan. Ó ní kí n jókòó títí yóò fi wà. Mo sunkún títí tíì mi fi tutù. Ìyá tó ń sá kòkó yẹn ni mo sunkún fún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó tún lè gbàdúrà.

Mo ti pinnu wàyí, kò sì sẹ́ni tó máa dá mi dúró. Mo kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà tí Ìdòwú wà ní Òṣogbo, ó sì gbà kí n máa bá àwọn tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọọjọ́ Ajé. Ìtàn ògì yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá rán wọn, kí wọ́n mú àgbà kan dání, kí wọ́n rọra sọ òótọ́, kí wọ́n má sì kúrò níbẹ̀ títí yóò fi yé ìyá. Bí wọ́n bá padà délé, kí wọ́n ní ẹnì kan tí wọn kò ní ṣe akọni níwájú rẹ̀. Ọ̀kan béèrè bóyá ìyẹn kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Mo ní Jésù sunkún níbojì Lásárù, àwọn èrò sì rí i.

Nínú gbogbo wọn, Ìdòwú nìkan ni kò gbà. Ẹ mọ̀ ọ́n, orúkọ rẹ̀ ń rò ó. Ó ní ẹ̀yin bàbá ìjọ sin òkú fún ọ̀pọ̀ ọdún kí abúlé wa tó ní àlùfáà, ẹ kò sì sunkún rí.

Bàbá, mo rí yín. Mo kéré nígbà náà. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ tíṣà abúlé wa, ẹ kò wọlé jẹun, ẹ gba oko lọ tààrà. Ìyá ní kí n gbé omi tẹ̀ lé yín. Mo bá yín lórí òkìtì èèpo kòkó, ẹ fi fìlà bojú, èjìká yín ń mì. Mo gbé omi kalẹ̀, mo padà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Táíwò.

Mo mọ̀ pé yóò ká yín lára pé mo wí i ní gbangba. Ẹ foríjì mí. Ẹ dákun, ẹ pe Ìdòwú padà sábẹ́ igi obì. Ẹ sọ ti ọjọ́ náà fún un, torí ẹnu yín nìkan ló ti lè gbà á gbọ́. Ẹ ní bó bá sin òkú rẹ̀ àkọ́kọ́, oko yín ni kó kọ́kọ́ yà sí. Òkìtì èèpo kòkó yẹn gba ènìyàn méjì.

Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó fojú rí iṣẹ́ tí Ìdòwú yóò ṣe, ẹ kò ní sin ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará ìjọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Èmi ni ọmọ yín tó gbé omi wá,
Kẹ́hìndé.