Ògiri Ọba Tó Ti Kú

“Bàbá Fúnmi, dìde ní Sọ́ńdè kóo jẹ́rìí pé o ò rí nǹkan kan níbẹ̀! Ṣé ògiri ọba tó ti kú ló máa san owó ilé-ìwé ọmọ ẹ?”

Àǹtí Yẹ́misí, Mọ́mì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo yẹn. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ìbejì ní Kàdúná. Òjò ń jò sí yàrá wa, ẹ̀jẹ̀ ríru Dádì sì tún ti gòkè.

Ẹ mọ̀ pé Dádì, ẹ̀gbọ́n yín, ló ń bójú tó ilé ìkàwé yunifásítì ìjọ wa. Ògiri ààfin àtijọ́ tó ń yọ jáde nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ibẹ̀ ni ìjọ fẹ́ kọ́ ilé àdúrà lé. Wọ́n ní tí kò bá jẹ́rìí pé ilẹ̀ náà ṣófo, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn.

Dádì ní, “Mi ò lè parọ́ níwájú pẹpẹ.” Ó wá wò mí, ó dorí kodò. Mo mọ̀ pé nítorí tèmi, ó máa parọ́ ọ̀hún.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà Kàfáyá, ọ̀rẹ́ yín tó ń gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ọṣẹ ní Ìgbẹ́sà, ránṣẹ́ sí mi kó tó di Sọ́ńdè. Ẹ má bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀yin lẹ fún mi.