Èmi Ni Mo Kọ Ọ́, Kì Í Ṣe Ẹ̀rọ

Mohammed àbúrò mi,

Asalaamu alaekun. Mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Husseinat ti wọ yunifásítì ní Malete. Atẹ́gùn ṣí páànù ẹ̀yìnkùlé, a ti tún un ṣe.

Nígbà tí mo kọ ọ́ sí ẹ lórí fóònù pé àìsàn Bàbá le, o fèsì pé: "Oníjìbìtì, ẹ̀rọ AI lo fi kọ eléyìí. Àǹtí mi kì í kọ̀wé tó dán báyìí." O sì búlọ́ọ̀kù mi. Èmi ni mo fara balẹ̀ kọ ọ́, kí àyà rẹ má baà já.

Bàbá ń bèèrè rẹ títí ohùn wọn fi lọ. Dókítà ní kò ní padà mọ́. Wọ́n ṣì ń gbọ́ràn. Jọ̀ọ́, pè wọ́n. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ummu-Kulthum