Àwọn Oníjó Tí Kò Sẹ́ni Tó Kọ Orúkọ Wọn

Ọjọ́rú, 26 Épírì 1995

Ginger kú lánàá. Mo ń fọ àwo nígbà tí rédíò sọ ọ́. Mo kàn dúró síbẹ̀, ọṣẹ lọ́wọ́ mi. Ọdún méjì ni mo ti ń wo ijó obìnrin yìí nínú fíìmù Hollywood, mo mọ bó ṣe máa ń gbé èjìká kó tó yípo. Fred tí wọ́n jọ ń jó ti lọ tipẹ́. Ó wá ku èmi àti tesi mi, ìwé tí mò ń kọ lórí wọn kí n lè gboyè.

Akínbọ̀dé ọkọ mi ní kí n má sunkún nítorí òyìnbó tí kò mọ̀ mí rí. Mo ní mi ò sunkún. Irọ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Épírì

Mo lọ rí Onírùngbọ̀n — ọ̀jọ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́ orúkọ tí mo sọ ọ́. Ó fẹ́ràn orí kìíní: bí Ginger ṣe ti ṣe tó ogún fíìmù kí òun àti Fred tó pàdé níwájú kámẹ́rà, tí Fred sì jẹ́ àjòjì ní Hollywood, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń jó láti kékeré ti fi ijó sílẹ̀, ó ti lọ sílé ọkọ. Ó fẹ́ràn orí kejì pẹ̀lú: fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ ṣe, tí orúkọ Ginger wà ní ipò kẹrin, ti Fred ní ìkarùn-ún, síbẹ̀ àwọn méjèèjì làwọn èèyàn ń sọ nígbà tí wọ́n jáde nílé sinimá.

Orí kẹta — ó fi bírò pupa ya àgbélébùú lé e. Fuori tema. Mo ti kúrò lórí kókó, ó ní.

Bẹ́ẹ̀ orí kẹta yẹn gan-an ni tèmi. Nínú fíìmù àkọ́kọ́ náà, láàárín ijó ńlá tó sọ Fred àti Ginger di èèyàn, àwọn adúláwọ̀ kan jáde. Wọ́n jó, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbiná. Wọ́n wọlé, ó parí. Nínú gbogbo ohun tí mo rí kà, mi ò rí orúkọ oníjó kan ṣoṣo nínú wọn. Mo bi Onírùngbọ̀n pé báwo ni ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ àwọn méjì yìí ṣe máa pé láìsí àwọn tó bá wọn jó o. Ó ní, "Signora, ma di chi parliamo? Non hanno nemmeno un nome."

Ẹ wò ó. Ta là ń sọ ná, ó ní, wọn ò tiẹ̀ lórúkọ; ó sì ń bínú sí wọn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n sọ ọ́ nù.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Épírì

Màá parí orí kẹta, kó tó di pé a jà lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Iṣẹ́ ń dúró dè mí ní archivio, níbi tí wọ́n ń tọ́jú fíìmù àtijọ́. Wọ́n ní kí n mú laurea, ìwé ẹ̀rí yunifásítì, wá kí Júláì tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹlòmíì á gbà á. Bí ẹlòmíì bá gbà á, ìyá arúgbó tí mo ń tọ́jú àti pannolone, ìlédìí rẹ̀, ló kù fún mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Torino ní Ítálì yìí ni mo ti ń fọ ìdí àgbàlagbà. Ó tó gẹ́ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Mée

Tan fídíò. Dá a dúró. Dá a padà. Tún un wò.

Mo ti fún wọn lórúkọ, kí n lè mọ ta ni ta ni. Mi ò lè máa kọ "èyí tó ga, èyí tó wé orí" bí ẹni ń ṣa ewúrẹ́. Èyí tó ga jọ Bọ̀ọ̀dá Ògúnjìnmí, àbúrò bàbá mi, tí wọ́n máa ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ gbóná mọ́ lẹ́sẹ̀. Obìnrin tó wé orí — Àǹtí Ìbíwùmí ni, kò sírọ́ níbẹ̀. Ọrùn wọn nìyẹn. Àgbọ̀n wọn nìyẹn, tó máa ń lọ sókè bí ẹni tí wọ́n pè tí kò fẹ́ jẹ́. Àbúrò bàbá mi làwọn náà. Wọ́n kú láìbímọ.

Mo kọ ọ́ báyìí: Ogunjinmi entra da sinistra. Ibiwumi lo segue. Ògúnjìnmí gba apá òsì wọlé, Ìbíwùmí tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ mi ti ń yá. Tó bá yá màá yọ wọ́n kúrò.

Àbámẹ́ta, 13 Mée

Akínbọ̀dé ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ìka méjì, ahọ́n níta. Ó ti inú fabbrica, ilé iṣẹ́ rẹ̀, dé, kò tíì jẹun, ó ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti ní kí n wá máa sùn ní ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó, torí ọmọ rẹ̀ lọ sí etíkun. Mo kó gbogbo ìwé tí mo fọwọ́ kọ fún ọkọ mi. Mo ní, "Bí mo ṣe kọ ọ́ ni kó o tẹ̀ ẹ́, má ṣe yọ nǹkan kan." Ó ní ṣé òun jọ ẹni tó ń yọ nǹkan ni.

Ọjọ́ Ajé, 22 Mée

Ó ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó ti dì í, ó ti fi tram gbé e lọ fún Onírùngbọ̀n fúnra rẹ̀ torí òní ni gbèdéke. Mo lọ́kọ.

Ọjọ́bọ̀, 25 Mée

Mo gbàgbé. Mo gbàgbé láti sọ fún un. Mo ṣí ẹ̀dà tiwa lónìí, Ògúnjìnmí ló kọ́kọ́ kí mi, Ìbíwùmí tẹ̀lé e. Jákèjádò orí kẹta. Akínbọ̀dé ti fi bírò fi àmì ohùn sórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, káwọn òyìnbó má bàa ṣì í pè.

Mo pè é. Ó wá. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe orúkọ wọn ni?" Kò mọ ẹbí bàbá mi, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kú. Ó rò pé mo wá orúkọ àwọn oníjó náà kàn ni. Àwa Yorùbá dé Brazil, a dé Cuba, kí ló ní ká má dé Hollywood?

Ó tún kù. Onírùngbọ̀n ti fóònù wá sílé lánàá. Inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé. Ó bi í bóyá orúkọ náà dájú, ọkọ mi ní, "Sì, sì, professore, nomi yoruba, sicurissimo." Orúkọ Yorùbá ni, ó dájú ṣáká. Ó fẹ́ fi ṣe ìdùnnú òjijì fún mi ni kò ṣe tíì sọ.

Mi ò lè bá a jà. Èmi ni mo ní kó má yọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Mée

Ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá Victory gbá mi mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà. Akínbọ̀dé ti jẹ́rìí lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́: ìyàwó òun ti rí Yorùbá nínú fíìmù Hollywood kí wọ́n tó bí bàbá wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kọrin. Màmá Victory ní, "Ògúnjìnmí? Ilé ọkọ mi nìyẹn o, n'Iléṣà! Ẹ̀jẹ̀ wa ni!" Wọ́n ti fóònù ará ṣọ́ọ̀ṣì ní Alessandria, wọ́n ti fóònù àwọn ti Sampierdarena. Mo ní ẹ ṣé, Mà. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Mée

Mo lọ láti jẹ́wọ́. Onírùngbọ̀n ò jẹ́ kí n yanu. Orí kẹta ti di ọkàn tesi báyìí, kò sí fuori tema mọ́. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà níbi convegno, ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé kan, ní Padova, nítorí ikú Ginger, ètò ti wà lọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ó ní, "Gli abbiamo ridato il nome." A ti dá orúkọ wọn padà fún wọn. Omi wà lójú rẹ̀. Mo ní, "Professore, c'è una cosa…" Nǹkan kan wà, mo ní. Fóònù dún. Ó gbé e. Mo jáde.

Ojo ni mí.

Ọjọ́bọ̀, 1 Júùnù

Mo fóònù Màámi, kí wọ́n lè gbà mí níyànjú. Mo ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá ní, "Wọ́n kọ Ìbíwùmí sínú ìwé? Nílùú òyìnbó?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu wọn. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Adúmáadán ni Màámi pe Àǹtí títí tí wọ́n fi wọ ilẹ̀ lọ. Mo ní àṣìṣe ni Mà, mo fẹ́ yọ ọ́. Wọ́n ní, "Ta ló ní kó o yọ ọ́? Kò bímọ tó máa jẹ́ orúkọ yẹn mọ́ orúkọ tirẹ̀. Fi í síbẹ̀." Mo gbọ́ tí wọ́n ń fa ikun. Káàdì tán.

Àbámẹ́ta, 10 Júùnù. Nínú ọkọ̀ ojú irin, Padova sí Torino

Gbọ̀ngàn náà kún. Onírùngbọ̀n ń tan fíìmù, ó ń dá a dúró, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka. Ecco Ibivùmi, Ìbíwùmí nìyí. Ó ń pè é bí orúkọ oògùn ikọ́. Ó fọwọ́ bo àyà nígbà tó ń pè é, kò sì ṣe é láti fi ṣe fújà, ó gbà á gbọ́ ni. Ó ní kí n dìde. Mo dìde. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, ọmọbìnrin kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n bá òun pe sípẹ́lì rẹ̀. Mo pè é fún un, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mọ́ mi nínú. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù lọ báyìí, pé ó dùn mọ́ mi. Orúkọ Àǹtí mi láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, tí ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

A ti kọjá Vicenza, a ti dé Milano. Mi ò tíì jẹ búrẹ́dì tí mo rà.

Ọjọ́ Ajé, 12 Júùnù

Mo ti sọ ọ́. Mo ti ilẹ̀kùn, mo dúró lórí ẹsẹ̀, mo sọ ọ́ tán kí ó tó lè kí mi. Onírùngbọ̀n bọ́ jígí ojú. Ó ní, "Chi altro lo sa?" Ta ló tún mọ̀. Mo ní ọkọ mi, ìyá mi. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Discussione, ìyẹn ìgbèjà tesi níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, di 6 Júláì; kí n sọ̀rọ̀ mi, kí n gba laurea mi; tó bá yá, a máa fi nota kékeré kan sísàlẹ̀ ìwé. Kò jágbe mọ́ mi. Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ì bá kúkú jágbe.

Ọjọ́rú, 14 Júùnù

Akínbọ̀dé ní kí n gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Archivio ná, òtítọ́ lẹ́yìn. Mo ní ṣé bó ṣe ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì náà nìyẹn. A ò tíì bára wa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Júùnù

Mo wò ó lónìí, mo sì gbìyànjú láti má pè é ní Ìbíwùmí. Kò ṣeé ṣe. Ojú Àǹtí ni mò ń rí.

Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ní ìyá tirẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Bóyá ọmọ ọmọ rẹ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n sọ fún pé ìyá àgbà rẹ jó nínú fíìmù Fred àti Ginger. Bí ọmọ náà bá wá a wá, Àǹtí mi ló máa bá lórí àga ìyá àgbà rẹ̀. Àwọn tó ṣe fíìmù ò kọ orúkọ rẹ̀. Èmi wá kọ ti ẹlòmíì lé e lórí. Èwo ló burú jù? Inú ń bí mi sí ara mi.

Ọjọ́ Ajé, 3 Júláì

Mi ò mọ ohun tí màá ṣe. Ọlọ́run, mi ò mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 Júláì

Kí n kọ ọ́ kó tó daru lórí mi.

Discussione, gbogbo èèyàn ló lè wọlé. Akínbọ̀dé wọ kóòtù ìgbéyàwó wa. Màmá Victory mú ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n gbé kúlà ìrẹsì sáàárín ẹsẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ lórí Ginger, mo sọ lórí Fred. Mo ti fò kọjá orí kẹta, mo rò pé mo ti bọ́. Ìyá onírun funfun kan ló jẹ́ alága wọn. Ó ń ṣí ìwé náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "E mi dica, chi era questa Ibiwumi?" Ta ni Ìbíwùmí yìí?

Onírùngbọ̀n ń wo tábìlì.

Mo ní, "È mia zia." Ẹ̀rín sọ níbì kan. Mo ní àbúrò bàbá mi ni, epo òyìnbó ni wọ́n ń tà n'Íjẹ̀bú-Igbó, wọn ò dé inú fíìmù rí. Mo ní mo yá orúkọ wọn lò nínú ìwé mi, mo sì gbàgbé láti yọ ọ́. Ògúnjìnmí náà bẹ́ẹ̀. Mo ní àwọn oníjó yẹn lórúkọ tiwọn, mo wá a, mi ò rí i, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá yìí tó mọ̀ ọ́n. Mi ò sọ pé Onírùngbọ̀n ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan nígbà yẹn, ó tún gbójú sílẹ̀.

Wọ́n ní kí n bọ́ síta. Mo gbọ́ ohùn Màmá Victory lẹ́yìn mi, "Kí ló sọ? Ṣé wọ́n ti fún un ni?" Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, wọn ò pè mí ní dottoressa, ẹni tó gboyè. Rinviata. Wọ́n sún un síwájú di ìgbà ìwọ́wé, pẹ̀lú ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn, torí Onírùngbọ̀n ti yọ ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́dẹ̀dẹ̀ mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá Victory. Wọ́n ní, "Ògúnjìnmí tiwa kọ́?" Mo ní ẹ dákun, Mà. Wọ́n gbé kúlà wọn. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní kí n tọ́jú ara mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Júláì

Mo fóònù archivio; wọ́n ti fún ẹlòmíì níṣẹ́ náà. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ Ajé mo padà sọ́dọ̀ ìyá arúgbó. Màámi ò tíì fóònù. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún wọn.

Ọ̀sán ni Akínbọ̀dé máa lọ síṣẹ́. Lẹ́yìn tí a mu tíì, ó ní kí n fi ibẹ̀ han òun. Mo ní ibo? Ó ní ibi tí wọ́n ti jó. Ó tẹ gbogbo orí kẹta pẹ̀lú ìka méjì, kò sì wo fíìmù náà rí.

Mo tan fídíò. A jókòó. Wọ́n jáde, èyí tó ga níwájú, obìnrin náà lẹ́yìn. Akínbọ̀dé sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Òun nìyí?" Mo ní òun ni. Wọ́n jó, wọ́n wọlé. Ó ní, "Ó mọ ijó jó o." Ó ní, "Kí la ó wá máa pè é báyìí?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ó mú rìmóòtù lọ́wọ́ mi, ó dá a padà.